Kílò kì í ṣe kọ́ńgò: bí ẹ ṣe máa mọ ohun tí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ń wọ̀n kí ẹ tó sanwó

Ìyá kan kànkùn mi láàárọ̀ Sátidé, ó gbé àpò ìrẹsì dání. Kọ́ńgò mẹ́wàá ló rà ní ọjà Àtàkúmọ̀sà, ẹnì kan sì ti sọ fún un pé kọ́ńgò kan, kílò kan ni. Ó gbé e sórí síkéèlì ọmọ rẹ̀, síkéèlì ní 15. "Tíṣà, ṣé síkéèlì yìí ò ti ya wèrè báyìí?" Kò ya wèrè. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni bàbá kan ládùúgbò wa ra bátìrì tí wọ́n kọ 200 sí lára. Ó gbà pé wákàtí 200 ni yóò fi tan iná. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tí bátìrì fi dákẹ́.

Àwọn méjèèjì mọ owó kà ju èmi tí mò ń fi ìṣirò jẹun lọ. Nọ́ńbà ni wọ́n dì mú, wọn ò bi í léèrè pé: kí lò ń wọ̀n gan-an? Ìbéèrè yẹn ni a máa fi ṣiṣẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ níbí.

Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀

- Téèpù onírin tí ó ní ínǹsì lápá kan àti sẹ̀ntímítà lápá kejì. Bí aṣọ nìkan lẹ fẹ́ wọ̀n, ti télọ̀ tó.
- Síkéèlì. Ti ilé ìdáná tó fún oúnjẹ. Ẹni tó ń ta kòkó tàbí tó ń ra gáàsì nílò èyí tó lè gbé kílò 50.
- Pure water mẹ́rin, 50cl ni kí wọ́n jẹ́.
- Sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́, irú èyí tí a fi ń bu oògùn sí ọmọ lẹ́nu.
- Fóònù fún ìṣirò, báírò, àti bébà. Ẹ má fojú di bébà. Orí máa ń parọ́.

Ìpele 1: Ẹ mọ ìbéèrè tí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ń dáhùn

Ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè kan ṣoṣo ló lè dáhùn. Bí ẹ bá bi í ní òmíràn, irọ́ ló máa pa fún yín. Ẹ da èyí kọ sórí bébà:

- Ó gùn tó, ó ga tó, ó jìnnà tó? Mílímítà, sẹ̀ntímítà, mítà, kìlómítà. Ínǹsì, ẹsẹ̀ bàtà, ọ̀pá.
- Ó wúwo tó? Gíráàmù, kílò, tọ́ọ̀nù.
- Àyè tó gbà ńkọ́? Mílílítà, sẹ̀ntílítà, lítà. Kọ́ńgò, agolo, rọ́bà pẹ́ńtì.
- Ilẹ̀ yẹn fẹ̀ tó? Mítà onígun mẹ́rin, ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin, éékà, hẹ́kítà.
- Báwo ló ṣe ń yára fa iná tó? Wáàtì, kìlówáàtì.
- Iná mélòó ló ti jẹ lápapọ̀? Kìlówáàtì-wákàtí, èyí tí gbogbo wa ń pè ní yúníìtì.
- Ó gbóná tó? Digírì.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀: orúkọ kan lè ṣe iṣẹ́ méjì. Mítà ni ẹ fi ń wọn ilẹ̀, mítà náà ni wọ́n kàn mọ́ ògiri tí ó ń ka iná. Wọ́n lè sọ fún yín pé yanrìn "tọ́ọ̀nù 20" ni típà kan kó wá, bẹ́ẹ̀ inú típà ni wọ́n bù ú kún, kò sí ẹni tó gbé e sórí ohunkóhun. Àyè lẹ rà yẹn. Bí òjò bá ti pa yanrìn náà, ó lè wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ ògiri tí ẹ máa fi mọ kò ní ga sí i.

Àwa tí a wà lágbègbè Iléṣà, tí wọ́n ti ń wa wúrà nínú ilẹ̀ wa tipẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "karat" kó yín lójú. Karat kò sọ bí ẹ̀gbà ṣe wúwo tó. Ó ń sọ bí wúrà inú rẹ̀ ṣe mọ́ tó: ká pín in sí ọ̀nà 24, mélòó nínú rẹ̀ ni wúrà? 18 karat jẹ́ 18 nínú 24, ìyẹn 75 nínú ọgọ́rùn-ún. Gíráàmù ló máa sọ ìwúwo fún yín. Ẹ nílò méjèèjì kí ẹ tó dúnàá dúrà.

Ẹ dán ara yín wò: ẹ mú nǹkan mẹ́ta nínú ilé tí nọ́ńbà wà lára wọn, bóyá gílóòbù, ìgò mínírà àti pálí ọṣẹ. Ẹ ka nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì sọ ìbéèrè tí ó ń dáhùn síta. Bí ẹ bá kùn lórí ọ̀kan, ẹ má tíì kọjá síbi tó kàn.

Ìpele 2: Ẹ ya ìwúwo kúrò lára àyè

Ibí ni owó ti ń jò jù, nítorí náà màá jókòó síbẹ̀ díẹ̀.

Kọ́ńgò ń wọn àyè. Gbogbo ohun tí ó mọ̀ ni pé inú òun ti kún. Kò mọ̀ bóyá ìrẹsì ni ẹ bù sí i tàbí òwú. Kí ojú yín lè rí i, ẹ gbé kọ́ńgò yín ka ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ máa da pure water sí i, ẹ máa kà. Tèmi gba mẹ́ta àbọ̀. 50cl ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìdajì lítà, nítorí náà 3.5 × 0.5 = lítà 1.75. Ẹ lè rí tiyín kó yàtọ̀ díẹ̀. Gbogbo kọ́ńgò kọ́ ni bàbá kan bí.

Ẹ nù ún gbẹ. Ẹ wọn kọ́ńgò òfìfo, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ bu ìrẹsì kún un, ẹ fi rúlà gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ yọ ìwúwo kọ́ńgò kúrò. Ìrẹsì tèmi tó nǹkan bíi kílò 1.5. Mo dà á kúrò, mo bu gàrí sí i: kílò kan lé díẹ̀ báyìí. Kọ́ńgò kan náà, ọwọ́ kan náà. Mo ní kí n bu ata gbígbẹ sí i, ìyàwó mi gba kọ́ńgò lọ́wọ́ mi.

Nísinsìnyí ẹ lè fi ọjà wé ọjà. Ká ní kọ́ńgò ìrẹsì jẹ́ ₦3,000. 3,000 ÷ 1.5 = ₦2,000 fún kílò kan. Ká ní àpò kílò 50 jẹ́ ₦90,000: 90,000 ÷ 50 = ₦1,800. Ọjọ́ tí owó bá ti wáyé, àpò ni kí ẹ rà. Ẹni tí kò yí kọ́ńgò sí kílò kò lè rí ₦200 yẹn láé.

Ìkìlọ̀ mẹ́ta wà níbí. Èkínní, kọ́ńgò ọjà kì í tẹ́jú. Òkìtì ni wọ́n máa ń kó sórí rẹ̀, wọ́n á tún bu èènì lé e. Ẹ wọn kọ́ńgò olókìtì lọ́tọ̀, torí èènì náà wúwo, òun ló sì ń mú kí kọ́ńgò ìyá kan dára ju ti èkejì lọ. Èkejì, ẹ wo inú kọ́ńgò kí wọ́n tó bù ú. Bí wọ́n bá ti lu ìdí rẹ̀ wọnú, ohun tó wọ̀ ọ́ ti dín, bó ti wù kí òkìtì orí rẹ̀ ga tó. Ẹ lè sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín: "Ẹ kú ọjà, ìyá mi. Ẹ dákun, ẹ bá mi fi kọ́ńgò tèmi yìí bù ú." Bí wọ́n bá ní "Ṣé olè lo pè mí ni?", ẹ fèsì pé "Ó tì o, ìyá mi, mo ti wọn tèmi nílé ni." Ó máa ń pa ìjà.

Ẹ̀kẹta ni ti epo. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ń wọn àyè. Bí ẹ bá pọn omi kún un, omi inú rẹ̀ yóò jẹ́ kílò 25, torí lítà omi kan, kílò kan ni. Epo pupa fúyẹ́ ju omi lọ: lítà 25 rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kílò 23 lọ. Bí ẹ bá wá rí 23, ẹ má bá olówó epo jà. Bí ẹ bá rí 25 lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ìwúwo kẹ́ẹ̀gì, nígbà náà ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bóyá kẹ́ẹ̀gì yẹn ti fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí omi wà nínú epo.

Gáàsì ìdáná, kílò ni wọ́n fi ń tà á. Lára sílíńdà, wọ́n tẹ ìwúwo òfìfo rẹ̀ mọ́ irin, ẹ ó rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ "TW". Ká ní TW jẹ́ 13.2, ẹ sì sanwó kílò 12.5. Sílíńdà kíkún gbọ́dọ̀ fi 25.7 hàn lórí síkéèlì. Ẹ ní kí wọ́n gbé e lé síkéèlì lójú yín *kí wọ́n tó* rọ gáàsì sí i pẹ̀lú, nítorí gáàsì lè ṣẹ́kù nínú rẹ̀ tí ẹ ò mọ̀. Iye lẹ́yìn, yọ iye ṣáájú, òun lẹ ra.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń ta kòkó: síkéèlì ò mọ kòkó yàtọ̀ sí omi inú kòkó. Ìdí nìyí tí oníbàárà fi ń ki ẹ̀rọ kékeré bọ inú àpò, kó lè ka omi inú rẹ̀ ní ìdá ọgọ́rùn-ún. Kòkó tó gbẹ dáadáa, omi rẹ̀ kì í ju bíi 7 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìwọ̀n méjì ló wà níbẹ̀, ẹ ka méjèèjì fúnra yín. Kí wọ́n sì tó gbé àpò kọ́, ẹ wo bóyá ọ̀pá síkéèlì wà ní òdo. Mo ti rí èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ òdo, tí kílò méjì kọ́kọ́ rì kí kíkà tó bẹ̀rẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti yọrí? Ẹ gbé àpò pure water kan tí wọn ò tíì tú, èyí tí ó ní 20 nínú, sórí síkéèlì. 20 × 50cl jẹ́ lítà 10, nítorí náà síkéèlì gbọ́dọ̀ sún mọ́ kílò 10 dáadáa. Bí ó bá ní 12 tàbí 8, ẹ wádìí: síkéèlì ló ń parọ́, tàbí ilé-iṣẹ́ tó ṣe omi ń rẹ́ wa jẹ. Ẹ fi iyọ̀ tàbí ṣúgà kílò kan tí wọn ò tíì já wò ó lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ó mọ ẹni tó jẹ̀bi.

Ìpele 3: Gígùn, àti ìjà ínǹsì òun sẹ̀ntímítà

Ínǹsì kan jẹ́ sẹ̀ntímítà 2.54. Ẹsẹ̀ bàtà kan, ínǹsì 12, sẹ̀ntímítà 30.48. Ọ̀pá kan, ínǹsì 36, sẹ̀ntímítà 91.44, ó fi sẹ̀ntímítà mẹ́jọ àti àbọ̀ kúrú ju mítà lọ. Bí ẹ bá ra ọ̀pá márùn-ún tí ẹ rò pé mítà márùn-ún ni, aṣọ yín ti dín ní sẹ̀ntímítà 43, ìyẹn apá aṣọ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìjẹ̀ṣà tí bàbá bàbá rẹ̀ ṣe Òṣómàáló, tí wọ́n ru aṣọ káàkiri ìletò, tí kò wá mọ iye ínǹsì tó wà nínú ọ̀pá, ó yẹ kí ojú tì í díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wíńdò ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Bíríkìlà fi ihò 1200 mílímítà sílẹ̀ lára ògiri mi ní ìbú àti ní gíga. Gbogbo wọn ń pè é ní "fóò bai fóò". Èmi náà pe ẹni tó ń ṣe férémù, mo ní "fóò bai fóò", ó dáhùn pé òun ti gbọ́. Ó lo ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin gédégbé. Ẹ bá mi ṣírò ó: 4 × 304.8 = 1219 mílímítà. Férémù fi mílímítà 19 tóbi ju ihò lọ, tó bí ìbú ìka ọwọ́ kan. A tì í, a lù ú, kò wọlé. Ṣíṣẹ́ẹ̀lì la fi gbẹ́ ògiri tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Àṣìṣe tèmi ni, torí mi ò dárúkọ ìwọ̀n.

Ẹ ṣe é báyìí:

1. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta: lókè, láàárín, nísàlẹ̀. Ògiri kì í gún régé. Èyí tó kéré jù ni kí ẹ mú.
2. Ẹ yan apá kan téèpù, kí ẹ má kúrò níbẹ̀ títí iṣẹ́ yóò fi parí.
3. Kí ẹ tó gbé báírò kúrò, ẹ kọ orúkọ ìwọ̀n tẹ̀ lé nọ́ńbà.

Irin kékeré ẹnu téèpù tó ń mì, ẹ má lù ú mọ́lẹ̀ o! Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Ó ń wọlé, ó ń jáde ní ìwọ̀n nínípọn tirẹ̀, kí kíkà lè tọ́ bóyá ẹ fi kọ́ etí pákó tàbí ẹ tì í mọ́ ògiri. Mo mọ káfíńtà tó ti fi òòlù "tún" tirẹ̀ ṣe.

Irin ilé náà ní tirẹ̀. "12 mílímítà" jẹ́ nínípọn irin, kì í ṣe gígùn rẹ̀. Irin 12 mílímítà tó péye ń wúwo tó kílò 0.89 fún mítà kan. Bí ó bá gùn ní mítà 12, kílò 10.7 ni, tọ́ọ̀nù kan á sì jẹ́ nǹkan bíi irin 93. Èyí tí wọ́n fi 10 mílímítà pè ní 12, kílò 7.4 péré ni. Ojú lè má rí mílímítà méjì yẹn, àmọ́ nǹkan bí ìdá mẹ́ta irin náà ló ti lọ. Ẹ gbé ẹyọ kan sórí síkéèlì.

Ẹ dán an wò: ẹ wọn ilẹ̀kùn yàrá yín ní ínǹsì, ẹ sọ ọ́ di sẹ̀ntímítà pẹ̀lú 2.54, kí ẹ wá yí téèpù padà, ẹ wọ̀n ọ́n ní sẹ̀ntímítà. Bí méjèèjì bá fi ju ìdajì sẹ̀ntímítà lọ yàtọ̀, ẹ tún un wọ̀n.

Ìpele 4: Ilẹ̀

Pílọ́ọ̀tì kì í ṣe ìwọ̀n. Orúkọ lásán ni. Àwọn kan ń ta 50 lọ́nà 100, àwọn kan ń ta 60 lọ́nà 120, pílọ́ọ̀tì kan ni gbogbo wọn ń pè é. 50 × 100 = 5,000 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin. 60 × 120 = 7,200. Ẹ̀yin ẹ wo àlàfo yẹn kí ẹ tó sọ pé ti ẹni kejì wọ́n.

Ìwé sọ́fè máa ń kọ mítà. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń kó sí ihò: mítà kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3.28, wọ́n á wá mú 5,000, wọ́n á fi 3.28 pín in, wọ́n á rí 1,524, inú wọn á dùn. Ìbú ni ẹ pín yẹn, ẹ gbàgbé òró. Ilẹ̀ ní apá méjì, nítorí náà ẹ pín in lẹ́ẹ̀mejì. 5,000 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 464.5, 7,200 jẹ́ nǹkan bíi 669. Éékà kan jẹ́ 43,560 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin, ó lé díẹ̀ ní pílọ́ọ̀tì mẹ́fà ti 60 × 120, tàbí nǹkan bíi 8.7 ti 50 × 100, bí ẹ ò bá yọ ojú ọ̀nà kankan kúrò. Hẹ́kítà kan jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 10,000, tó éékà 2.47.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tún ní ẹjọ́ tirẹ̀, torí òkè pọ̀. Bí ẹ bá tẹ́ téèpù mọ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ara òkè lẹ wọ̀n, ó sì máa ń gùn ju ohun tó wà nínú ìwé lọ. Sọ́fíyọ̀ ń wọ̀n ọ́n bí ẹni pé ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ na téèpù kó dúró gbọọrọ lófuurufú, kí ẹnì kan di ìdí rẹ̀ mú lókè, kí ẹ̀yin gbé orí rẹ̀ sókè nísàlẹ̀ kó bá a dọ́gba, kí ẹ wá ju òkúta kékeré sílẹ̀ láti mọ ibi tó bọ́ sí. Ẹ ṣe é ní díẹ̀díẹ̀, mítà márùn-ún márùn-ún.

Ó yọrí bí ìbú lọ́nà òró tí ẹ wọ̀n bá sún mọ́ mítà onígun mẹ́rin tó wà nínú ìwé. Ilẹ̀ tí igun rẹ̀ kò dọ́gba kò ní gbọ́ èyí, ẹ fi í sílẹ̀ fún sọ́fíyọ̀.

Ìpele 5: Iná

Ẹ fojú inú wo ẹ̀rọ omi àti garawa. Wáàtì ni bí omi ṣe ń yára tú jáde. Kìlówáàtì-wákàtí ni omi tó ti kún inú garawa. Fóòlù dà bí gíga tí táńkì wà: táńkì tó ga, omi rẹ̀ ń ta. Bí ẹ bá di èyí mú, ẹjọ́ yúníìtì ti tán.

Yúníìtì kan tí ẹ rà sórí mítà iná, òun ni wáàtì 1,000 fún wákàtí kan. Kẹ́tù wáàtì 2,000 ń jẹ ẹ́ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Fáànù wáàtì 70 ń fi wákàtí 14 jẹ ẹ́. Gílóòbù wáàtì 10 ń fi wákàtí 100 jẹ ẹ́. Nígbà tí àwọn ọmọ bá gbàgbé gílóòbù lójú ọ̀sán tí ẹ pariwo lé wọn lórí, ẹ rántí pé áyọ́ọ̀nù tí ẹ fi lọ aṣọ ọ̀sẹ̀ kan láàárọ̀ ló jẹ ẹran, gílóòbù kàn lá ọbẹ̀ ni.

Wàyí o, bátìrì bàbá ọjọ́sí. 200Ah (áńpíà-wákàtí 200) ni wọ́n kọ sí i, pẹ̀lú 12V, ìyẹn fóòlù 12. Ah nìkan kò sọ iye iná inú bátìrì. Ẹ gbọ́dọ̀ fi fóòlù sọ ọ́ di púpọ̀. 12 × 200 = wáàtì-wákàtí 2,400, yúníìtì méjì àti díẹ̀. Bátìrì olómi kò sì fẹ́ kí a fà á kọjá ìdajì bí a bá fẹ́ kó pẹ́, nítorí náà 1,200 ni ẹ fi lè ṣiṣẹ́. Fáànù, tẹlifíṣọ̀n àti gílóòbù tí wọ́n jọ jẹ́ wáàtì 200: 1,200 ÷ 200 = wákàtí 6, inverter náà á sì jẹ tirẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ fojú sí wákàtí 5. Bàbá gbọ́ èyí, wọ́n ní, "Ṣé ìdí tí ó fi kú lóru náà nìyẹn?" Ìdí rẹ̀ nìyẹn, bàbá. Firíìjì wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í:

- Jẹnẹrétọ̀ 2.5kVA kì í ṣe wáàtì 2,500. Ẹ fi 0.8 sọ ọ́ di púpọ̀: wáàtì 2,000 ni kí ẹ gbára lé.
- Ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga, 1HP (agbára ẹṣin kan), wáàtì 746 ni agbára tó fi ń ṣiṣẹ́; iná tó ń fà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ nígbà tí ó bá ń jí, ó ń fà tó ìlọ́po mélòó kan bẹ́ẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ tó bá a dọ́gba lórí bébà yóò kú lẹ́nu ibẹ̀rẹ̀.
- Power bank 20,000mAh kò lè kún fóònù 5,000mAh lẹ́ẹ̀mẹrin. Fóòlù inú rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ń tú jáde, iná díẹ̀ sì ń di ooru lójú ọ̀nà.

Ẹ wádìí rẹ̀: ẹ kọ gbogbo ohun tó ń jẹ iná nínú ilé lọ́jọ́ kan, wáàtì lọ́nà wákàtí. Gílóòbù mẹ́rin, 10 × 4 × 6 = 240. Fáànù, 70 × 10 = 700. Tẹlifíṣọ̀n, 80 × 5 = 400. Àpapọ̀ 1,340, ìyẹn yúníìtì 1.34. Ẹ ka mítà lálẹ́ òní, ẹ kà á lálẹ́ ọ̀la ní wákàtí kan náà. Bí mítà bá lọ díẹ̀ ju ìṣirò yín, ohun kan wà tí ẹ gbàgbé. Bí ó bá fi ìlọ́po méjì jù ú, ẹ pa gbogbo nǹkan inú ilé, kí ẹ wò ó bóyá ó ṣì ń kà. Àmọ́ ẹ má fi áyọ́ọ̀nù ṣe ìdánwò yìí, torí ó máa ń sinmi fúnra rẹ̀ tí ó bá ti gbóná tán, kíkà rẹ̀ yóò sì kéré ju ohun tí wọ́n kọ sí i.

Ìpele 6: Oògùn àti àyẹ̀wò

Ẹ fara balẹ̀ ka èyí, torí owó kọ́ ló ń jò níbí.

Mílígíráàmù (mg) ń wọn oògùn fúnra rẹ̀. Mílílítà (ml) ń wọn omi tí wọ́n pò ó mọ́. Ẹni tó bá sọ fún yín pé "fún un ní márùn-ún" láìdárúkọ, ẹ dá a dúró. Parasítámọ́ọ̀lù olómi tí àwọn ọmọ ń mu sábà máa ń ní 120mg tàbí 125mg nínú mílílítà 5. Èyí tí a ń kán sí ọmọ ọwọ́ lẹ́nu sábà máa ń ní 100mg nínú mílílítà 1 péré. Ẹni tó bá mú ìgò ọmọ ọwọ́, tó bu mílílítà 5 nínú rẹ̀, 500mg ló bù yẹn, odindi hóró àgbàlagbà kan. Ìgò kékeré yẹn ló le jù.

Ẹ ka ara ìgò kí ẹ tó ṣí i. Iye tó yẹ ọmọ yín, nọ́ọ̀sì tàbí apòògùn ló máa sọ ọ́, ní mílílítà, fún ìgò tí ẹ mú dání gan-an. Ẹ gbé ìgò náà lọ fún wọn. Ẹ fi sírínjì bù ú. Bí ẹ bá ń jiyàn nípa ṣíbí, ẹ fa omi mílílítà 5 sínú sírínjì, ẹ tú u sínú ṣíbí tíì mẹ́ta tó wà nílé. Ọ̀kan á ṣàn sílẹ̀, ọ̀kan ò ní kún.

Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ń dá ìjà sílẹ̀ ní ìdí táyò. Bàbá kan ní tòun jẹ́ 6.1, èkejì ní tòun 110, ó sì ti ń ṣàánú ara rẹ̀. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ń ka mmol/L, èkejì ń ka mg/dL. Ẹ fi 18 sọ àkọ́kọ́ di púpọ̀: 6.1 × 18 = 109.8. Ṣúgà kan náà ni wọ́n ní. Ẹ wo ojú ẹ̀rọ, orúkọ ìwọ̀n wà níbẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín pẹ̀lú nọ́ńbà, kí dókítà tó rí i ní ilé ìwòsàn Wesley Guild tàbí níbòmíràn má bàa máa méfò.

Ìpele 7: Ẹ fi ránṣẹ́ kí oníṣẹ́ má lè ṣì í gbọ́

Gbogbo iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe lè bàjẹ́ lẹ́nu fóònù. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́, ẹ má pè é nìkan. Nǹkan mẹ́ta ni kó wà níbẹ̀: nọ́ńbà, orúkọ ìwọ̀n, àti ohun tí ẹ wọ̀n. Báyìí ni mo ṣe kọ ti wíńdò kejì:

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Wíńdò yàrá ìdáná. Ihò ògiri ni mo wọ̀n, kì í ṣe férémù. Ìbú rẹ̀ 1200 mílímítà, gíga rẹ̀ 1200 mílímítà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á padà fún mi."

Bí ó bá kà á padà pẹ̀lú mílímítà lẹ́nu, ẹ fi owó àsansílẹ̀ ránṣẹ́. Bí ó bá ní "Fóò bai fóò, mo ti gbọ́," kò tíì gbọ́ o. Ẹ tún un kà fún un.